Ilé géèmù mi ní Lágere: kí ni mo lè ṣe kí àwọn ọmọbìnrin náà máa wọlé wá gbá?

Bọ̀dá_Onípádì:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ilé géèmù kékeré kan níbí ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, PS4 mẹ́ta àti PS3 kan tó ti pẹ́ àmọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn fún ìgbà tí Nẹ́pà bá múná lọ. Ọjà ń lọ, mi ò ráhùn. Nǹkan tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́sàn-án tí àwọn ọmọ iléèwé bá ti jáde, ọmọkùnrin ló máa kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ẹ ò ní rí ọmọbìnrin kan. Kì í ṣe pé wọn kì í wá o. Wọ́n á wá pe àbúrò wọn kúrò nídìí géèmù, wọ́n á wá ra káàdì, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà máa wòran, wọ́n sì mọ ẹni tó ń gbá dáadáa yàtọ̀ sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n gbá, ṣùgbọ́n wọn ò ní wọlé jókòó.

Ọmọ kan tó ṣì wọ yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ wá pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá ní kó jókòó kó gbá ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó mú pádì yẹn bí ẹni mú ẹyin, ó ń bojú wolẹ̀ kó lè rí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù síwájú, àtàǹpàkò ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀nà ni, àwọn bọ̀bọ́ tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ariwo, "gbá a sọ́tùn-ún, gbá a sọ́tùn-ún, ṣé o ò ríran ni?" Bọ́ọ̀lù ò tíì dé àárín pápá tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi já pádì gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó lóun fẹ́ fi hàn án. Kò fi nǹkan kan hàn án, òun ló gbá a títí tó fi parí. Ọmọ yẹn kàn rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó jáde. Ó dùn mí gan-an torí mo rí i pé ó wù ú.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kun ògiri kan ní píǹkì kí n wá ra géèmù Barbie sí i, wọ́n á máa wá. Mi ò mọ̀ bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ wà níbí àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin nílé, ṣé géèmù yẹn ni ò bá wọn lára mu ni àbí ṣọ́ọ̀bù, kí lẹ máa fẹ́ rí ńbẹ̀?

ÀǹtíTísà_Mọ̀dákẹ́kẹ́:
Bọ̀dá Onípádì, Ọlọ́run á bù sí i fún yín tẹ́ ẹ ronú kàn án, torí ọ̀pọ̀ onílé géèmù, kówó ṣáà ti wọlé ni tiwọn. Ẹ má tíì ra ọ̀dà o. Ìdáhùn wà nínú ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn. Wọ́n já pádì gbà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó mọ bọ́tìnì! Kò sẹ́ni tó jókòó sídìí géèmù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó mọ̀ ọ́n gbá, àwọn ọmọkùnrin yẹn náà fìdí rẹmi títí kí ọwọ́ wọn tó mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn ráyè fìdí rẹmi. Nílé ńkọ́, ṣebí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, tí bàbá bá ra géèmù, "ti Túndé ni", àbúrò ẹ̀ obìnrin á jókòó tì í, tó bá wá kàn án báyìí ni ìyá wọn á pè é láti kíṣìnì pé kó wá bá òun ṣa ẹ̀fọ́. Túndé ò ní dìde. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, ohun tí mo sì ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn, tí mo bá fi ọkùnrin kan àtobìnrin kan sídìí kọ̀ǹpútà kan náà, ọkùnrin ló máa di máòsì mú, obìnrin á máa sọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ fún un. Ìgbà tí mo pín wọn, tí mo ní káwọn obìnrin jókòó méjì-méjì fúnra wọn, ni mo tó rí i pé ọwọ́ wọn yá.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín tó jọ tiyín gan-an. Ẹ mọ Pac-Man, nǹkan rọ̀ǹdọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò tó máa ń jẹ nǹkan kiri yẹn. Ọmọ Jàpáànù kan tó ń jẹ́ Toru Iwatani ló ṣe é nílé iṣẹ́ Namco lọ́dún 1980. Nígbà yẹn ilé géèmù lọ́dọ̀ wọn, ọkùnrin ló kún ibẹ̀, gbogbo géèmù ibẹ̀ ò ju kéèyàn máa yìnbọn pa àwọn tó ti òfuurufú wá. Iwatani ní òun fẹ́ káwọn obìnrin máa wọ ilé géèmù, kí ọkọ àtìyàwó náà lè jọ wá. Ló bá wá nǹkan tí ò ní ìbọn nínú, ó mú ọ̀rọ̀ jíjẹ, ó wá kun àwọn iwin inú ẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀ kí wọ́n má baà dẹ́rù bani. Ẹ wò ó, géèmù tó lókìkí jù láyé nígbà yẹn, obìnrin ló ní lọ́kàn tó fi ṣe é, ọkùnrin sì gbá a kárí ayé. Torí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé tẹ́ ẹ bá ro tobìnrin, àwọn ọkùnrin á sá, ẹ má dá a lóhùn.

Tí wọ́n bá tún ní obìnrin ò fẹ́ràn ìdíje, ẹ ní kí wọ́n lọ sí pápá iléèwé tí wọ́n bá jáde ìsinmi kí wọ́n lọ wo àwọn ọmọ tó ń gbá tẹn-tẹn, tí wọ́n ń fò sùwé. Ìjà ni wọ́n máa ń jà lórí ẹni tó jẹ!

Ohun tí mo máa ṣe ká lémi ni yín: ní Sátidé, láàárọ̀, wákàtí méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ́ tàwọn ọmọbìnrin nìkan. Kì í ṣe láti yà wọ́n sọ́tọ̀ títí lọ o, kí ọwọ́ wọn ṣáà mọ́ ọn láìsí ẹni tó ń pariwo lé wọn lórí. Tó bá yá wọ́n á máa wá fúnra wọn lọ́sàn-án.

Òṣómàáló_FC:
Ẹ kú àyẹ́sí o, èmi ọmọ Iléṣà nìyí, Ìjọ̀ka ni ilé wa. Àǹtí Tísà ti sọ ọ̀rọ̀ gidi, ẹ jẹ́ n wá sọ tibi bọ́ọ̀lù torí mo mọ̀ pé FIFA ni wọ́n ń gbá jù ní ṣọ́ọ̀bù yín, kò sí ilé géèmù tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Títí di ọdún 2015, FIFA ò ní obìnrin kankan nínú. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é! FIFA 16 ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n sí, tíìmù orílẹ̀-èdè 12, Nàìjíríà ò sì sí ńbẹ̀, Super Falcons tó jẹ́ pé ó ti gba ife Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá báyìí, inú bí mi nígbà yẹn. Nígbà tó wá dé EA FC 24, orúkọ tuntun tí géèmù FIFA ń jẹ́, ìyẹn 2023, wọ́n fi lígì obìnrin Sípéènì sí i, Asisat Oshoala wà ní Barcelona nígbà yẹn, ẹ lè mú un fúnra yín kẹ́ ẹ fi gbá, nínú Ultimate Team, níbi tẹ́ ẹ ti máa ń kó tíìmù tiyín jọ, ẹ lè fi obìnrin àtọkùnrin sínú tíìmù kan náà. Ìgbà tí mo fi han àbúrò mi obìnrin pé Oshoala nìyí, pé ọmọ Ìkòròdú ni, ó ní kí n má yí i kúrò mọ́, òun ló fi gbá gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń fi í sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá títí tí agbára ẹ̀ fi tán, ó ṣáà fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa gbá a wọlé.

Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé tẹ́nì kan bá mú tíìmù obìnrin ní ilé géèmù, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣẹ̀sín. Torí náà ẹ fi ṣòfin. Ẹ ṣe lígì kan lóṣooṣù, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, tíìmù obìnrin ló máa mú, ọkùnrin o obìnrin o. Ẹ fowó sí i, kó tó nǹkan. Tí owó bá ti wà ńbẹ̀ ẹ máa rí i pé àwọn bọ̀bọ́ yẹn á mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù obìnrin Barcelona láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó máa fi wọ́n ṣẹ̀sín mọ́.

ỌmọMọ̀rèmiHọ́ọ̀lù:
Ẹ káàsán sà, ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU ni mí, mo máa ń gbá CODM (Call of Duty Mobile, géèmù ìbọn orí fóònù) gan-an, mo sì mọ̀ ọ́n gbá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tẹ́nì kankan ò tíì sọ, ìyẹn ẹnu. Tí mo bá wọ géèmù tí mo tan máìkì, ká tiẹ̀ sọ pé "ẹ ṣọ́ra, wọ́n wà lẹ́yìn ilé yẹn" ni mo sọ, kí wọ́n ṣáà ti gbọ́ ohùn obìnrin, ó parí, ẹnì kan á ní kí n lọ dáná, ẹnì kan á ní kí n fóun ní nọ́ńbà, òmíràn á sọ nǹkan tí mi ò lè kọ síbí. Nǹkan tí ọ̀pọ̀ wa wá ń ṣe ni pé a á pa máìkì, a á fi orúkọ ọkùnrin sí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé géèmù yẹn, ọ̀rọ̀ ló fi ń lọ, tí ẹ ò bá lè bá tíìmù yín sọ̀rọ̀, wọ́n á yára pa yín. Wọ́n á wá ní obìnrin ò mọ̀ ọ́n gbá.

Torí náà bọ̀dá, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa fẹ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù yín ni òfin tí wọ́n kọ sára ògiri gàdàgbà-gadagba: ẹni tó bá bú ẹlòmíì, tó bá fọwọ́ kan ẹlòmíì, tó bá já pádì gbà, jáde. Kẹ́ ẹ sì lé ẹnì kan jáde lóòótọ́, kódà kó jẹ́ kọ́sítọ́mà tó ń náwó jù, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é làwọn ọmọbìnrin máa mọ̀ pé ẹ ò ṣeré. Ìkejì, ẹ wá obìnrin kan tó máa máa jókòó ńbẹ̀ tó máa máa gba owó, tó mọ géèmù. Ìkẹta, iná níta, lẹ́nu ọ̀nà, torí Lágere máa ń ṣókùnkùn tí ò bá sí iná. Tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá wà, kó ní kọ́kọ́rọ́ nínú. Nǹkan wọ̀nyí ò jọ ọ̀rọ̀ géèmù ṣùgbọ́n àwọn ni mo máa ń wò kí n tó jókòó síbì kan.

Ní ti géèmù fúnra ẹ̀, ẹ ẹ́ rí i pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọn ò ti ka obìnrin sí. Mortal Kombat àkọ́kọ́, géèmù ìjà, 1992, èèyàn 7 lẹ lè mú, Sonya nìkan ṣoṣo lobìnrin. Lara Croft inú géèmù Tomb Raider dé ní 1996, inú àwọn obìnrin dùn pé obìnrin lọ̀gá, àmọ́ bí wọ́n ṣe ya àyà ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe wọṣọ fún un, ẹ mọ̀ pé ojú ọkùnrin ni wọ́n fi yà á. Ẹ lọ wo Aloy nínú Horizon Zero Dawn ti 2017, ó wọṣọ tó bo ara, ọdẹ ni, iṣẹ́ ló ń ṣe, ọfà ló ń ta. Ó máa ṣiṣẹ́ lórí PS4 yín. Ẹ rà á.

Àti lórí fóònù náà, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Temple Run, ọkùnrin ni wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ máa kó kọ́ìnì 10,000 kẹ́ ẹ tó rí Scarlett tó jẹ́ obìnrin mú. Subway Surfers, Jake lọ́fẹ̀ẹ́, Tricky tó jẹ́ obìnrin dìgbà tẹ́ ẹ bá rí fìlà mẹ́ta. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 kan ní Amẹ́ríkà ló jókòó ṣírò ẹ̀ ní 2015, ó wo géèmù àsáré 50, ó wá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Washington Post: nínú àwọn tí wọ́n mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin ni èèyàn inú ẹ̀, 98 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ọkùnrin, 46 péré ló ní obìnrin. Ọkùnrin wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú 90, obìnrin wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú 15. Ọmọ ọlọ́dún 12 o! Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá rí ọmọbìnrin tí ò yá ara ẹ̀ sí géèmù, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí géèmù ti ń sọ fún un pé kó sanwó kó tó wọlé.

ÌyáÌbejì_Télọ̀:
Ẹ̀yin ọmọ mi ẹ kú ọpọlọ. Èmi ò bá yín fara mọ́ ọ̀kan ṣá. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ píǹkì bí ẹni pé nǹkan burúkú ni. Télọ̀ ni mí níbí ní Iléṣà, lápá Ìsọ̀kún, àwọn ìbejì mi obìnrin ni méjèèjì. Kẹ́hìndé fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, Táíwò fẹ́ràn géèmù tí wọ́n ti ń wọṣọ fún èèyàn, tí wọ́n ń kọ́ ilé tí wọ́n ń to àga sínú ẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí sọ fún mi pé géèmù Barbie kan jáde ní 1996 tí ọmọ á fi kọ̀ǹpútà gé aṣọ, á yan aṣọ, á wá tẹ̀ ẹ́ jáde sórí nǹkan tó dà bí aṣọ tó máa wọ̀ sọ́rùn bèbí, ó ní ó ta ju 500,000 lọ láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́. Ó ní ti Sims náà, géèmù tí wọ́n ti ń kọ́ ilé yẹn, tó jáde ní 2000, obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbá a. Èmi gbọ́ ìyẹn mo ní ó yé mi, torí iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára ọmọdébìnrin tó bá kọ́kọ́ rán nǹkan tó sì rí i kó dọ́rùn èèyàn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà ńbẹ̀, ti bọ́ọ̀lù, ti ìjà, ti aṣọ, kẹ́nikẹ́ni mú èyí tó bá wù ú, kí wọ́n má kàn gbé ti aṣọ nìkan fún wọn kí wọ́n ní tiwọn nìyẹn.

Èkejì, ẹ má bínú o, èmi ìyá ọmọ ni mo ń sọ̀rọ̀. Ìdí tí mi ò fi lè jẹ́ kí àwọn ọmọ mi wọ ilé géèmù ni pé tẹ́tẹ́ wà nínú èyí tó pọ̀ nínú wọn, àwọn àgbàlagbà ọkùnrin á jókòó tì í, wọ́n á máa mu sìgá, wọ́n á máa wo èsì bọ́ọ̀lù. Bọ̀dá, ṣé tẹ́tẹ́ wà ní tiyín? Tó bá wà, ẹ gbé e kúrò lójú kan náà. Kẹ́ ẹ sì gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà fún àwa ìyá ká lè jókòó wo nǹkan tí àwọn ọmọ wa ń ṣe.

Bọ̀dá_Onípádì:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àbúrò. Mi ò ní tẹ́tẹ́ mà, mi ò sì ní gbé e wọlé. Sìgá náà, ìta ni. Ti àga yẹn, ó bọ́gbọ́n mu, mo ní bẹ́ǹṣì kan tí mo lè gbé síbẹ̀.

Àǹtí Tísà, mo gba ti Sátidé yẹn, aago mẹ́wàá sí aago kan. Ìyàwó mi ló máa jókòó síbẹ̀, ó mọ FIFA gbá jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní nǹkan míì, tẹ́ ẹ bá ṣì ráyè: gbogbo géèmù tá a dárúkọ yìí, Amẹ́ríkà, Jàpáànù, òyìnbó. Ṣé kò sí èyí tí ọmọ Ifẹ̀ á wò tó máa rí ara ẹ̀?

Àfọ́kù_Ìkòkò:
Ìbéèrè tí mo ti ń retí nìyẹn, bọ̀dá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, Mọ̀ọ̀rè ni wọ́n bí mi sí. Ẹ ti ní laptop tàbí ẹ ò ní? Kódà ògbólógbòó kan máa tó. Scratch wà, ètò kọ̀ǹpútà tí ọmọdé lè fi ṣe géèmù tiẹ̀ fúnra ẹ̀, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2007, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí laptop, kò gba dátà mọ́. Kò sí kóòdù gígùn láti tẹ̀, ọmọ á kàn máa fa nǹkan tò léra wọn: tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì yìí, fò, tó bá kan ògiri, padà. Láàárín ọ̀sán kan, ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá á ti ní nǹkan tó ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n.

Kí wọ́n wá ṣe Mọ̀rèmi. Ẹ ronú sí i dáadáa, kò sí ìtàn tó bá géèmù mu tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ùgbò ń wá kó Ifẹ̀, wọ́n fi ìko bora, gbogbo ìlú rò pé ẹ̀mí àìrí ni wọ́n. Mọ̀rèmi lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ létí odò Èsìmìrìn, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó dé ọ̀hún, ó di ìyàwó ọba wọn, ó ń fetí sílẹ̀ ní ààfin títí ó fi gbọ́ pé èèyàn lásán ni wọ́n, ó sá àsálà wálé, ó ní káwọn ará Ifẹ̀ tan ògùṣọ̀ dè wọ́n. Kéèyàn má jẹ́ kí wọ́n fura sóun, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, kó wá ọ̀nà ilé lóru, kó wá tan iná nígbà tó yẹ, géèmù gidi nìyẹn! Ti Olúorogbo, ọmọ ẹ̀ tó fi san ẹ̀jẹ́ yẹn, ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é, ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà pinnu bóyá wọ́n á fi í sí i. Ère Mọ̀rèmi tí Ọọ̀ni Adéyẹyè gbé dúró ní 2016, ẹsẹ̀ bàtà 42 ló ga, kí wọ́n lọ yà á ní fọ́tò kí wọ́n fi sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì kí wọ́n ṣe Lúwoo, Ọọ̀ni obìnrin, tí wọ́n ní òun ló ní kí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀, kí ẹni tó ń gbá a máa to àfọ́kù yẹn kó tó di pé òjò dé.

Kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé obìnrin ti ń ṣe géèmù tipẹ́. Carol Shaw ló ṣe River Raid ní 1982, géèmù ọkọ̀ òfuurufú tó ń yìnbọn lójú odò, ilé iṣẹ́ Activision ló tà á. Roberta Williams ti ṣe Mystery House ṣáájú ẹ̀, 1980. Kò sẹ́ni tó sọ fún Carol Shaw pé òdòdó ló yẹ kó yà.

Mo lè máa wá ní Sátidé lẹ́yìn tí wọ́n bá gbá géèmù tán, mi ò ní gbowó. Ẹ ṣáà jẹ́ kí obìnrin kan wà pẹ̀lú mi ńbẹ̀, kọ́kàn àwọn òbí lè balẹ̀.

ỌmọMọ̀rèmiHọ́ọ̀lù:
Èmi máa wá! Mo mọ Scratch díẹ̀, wọ́n fi kọ́ wa nígbà kan. Bọ̀dá Onípádì, ṣé FC 24 wà lọ́wọ́ yín àbí kí n bá yín wá dísìkì ẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ èèyàn? Ẹnì kan ń tà á ní Mayfair.

Bọ̀dá_Onípádì:
FIFA 23 ló wà lọ́wọ́ mi, àbúrò. Ẹ bá mi béèrè iye tó fẹ́ gbà, ti Horizon náà tó bá ní i. Ìyàwó mi ní kí n béèrè bóyá pádì kékeré wà tí ọwọ́ ọmọdé lè ká, torí èyí tá a ní, àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn ò tóbi kì í lè débi bọ́tìnì òkè.